Ọmọ ọdún 19 ló kọ ọ́, àgbàlagbà ló ń bẹ̀bẹ̀: ta ni ká mú?

Òǹkàwé_Òru

Ẹ kú ilé o. Mo wo fíìmù kan lálẹ́ àná tí kò jẹ́ kí n sùn. American Anarchist ni wọ́n ń pè é, 2016 ló jáde. Ọ̀rọ̀ William Powell ni, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ The Anarchist Cookbook. Fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí: ìwé tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ǹbù àti oògùn olóró nílé ni. Ọmọ ọdún 19 ni Powell nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà lọ́dún 1969. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́, ìjọba fẹ́ mú un lọ sójú ogun, inú sì ń bí i. Ó wọ ilé ìkàwé ńlá tó wà ní New York, ó tú ìwé tí àwọn ológun fúnra wọn kọ, ó dà á kọ. Lọ́dún 1971, atẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Lyle Stuart tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó ti tà lé ní mílíọ̀nù méjì ẹ̀dà.

Powell wá dàgbà. Ó di ọmọ ìjọ Áńgílíkà lọ́dún 1976, ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé ìwé. Ó kọ̀wé sí atẹ̀wé pé òun ò gba ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn gbọ́ mọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Èsì tó gbà ni pé ẹ̀tọ́ àdàkọ kò sí lórúkọ rẹ̀, orúkọ atẹ̀wé ló wà, torí náà ẹnu rẹ̀ kò tó o. Ní Oṣù Kejìlá 2013, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yìnbọn ní ilé ìwé Arapahoe ní Colorado, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Guardian pé kí wọ́n pa ìwé náà tì kíákíá. Ó kú ní Oṣù Keje 2016. Ìwé kò kú.

Ibi tó mú mi nínú fíìmù yẹn ni ibi tí olùdarí ti ń ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìwé náà fún un, ọ̀kan tẹ̀lé òmíì, tó sì ń bi í léèrè: báwo lèyí ṣe rí lára yín? Ọkùnrin náà jókòó. Ó máa ń dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wo ọwọ́ rẹ̀ dípò ojú rẹ̀.

Ìbéèrè mi: ṣé ẹ̀bi ọmọkùnrin 1969 yẹn wà lọ́rùn bàbá tó jókòó síbẹ̀?

Tíṣà_Ìrọ̀lẹ́

Lójú tèmi, kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Òwe kan ṣe é wẹ́kú: ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ ọdún 19 tí wọ́n ń wá kiri láti lọ kú sí ilẹ̀ tí kò mọ̀, kí la fẹ́ kó kọ? Orin ìyìn?

Ẹ wo ohun tó fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe. Ó kọ́mọ ní Áfíríkà àti ní Éṣíà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọ ìwé fún àwọn olùkọ́ nípa bí wọ́n ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń gbà lára èèyàn láti jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ mẹ́fà nítorí lẹ́tà méjì tí kò yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún ní láti mú un fún àìgbọ́n ìgbà èwe.

Ẹ̀rí_Ọkàn

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ òwe yẹn kò parí síbi tẹ́ ẹ dá a dúró sí. "Kò mọ̀ pé ikú tó pa bàbá òun ni." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òwe yẹn ò sọ pé ẹ̀fọ́ náà kì í pani nítorí pé ọmọdé ló já a.

Ẹ tún jẹ́ ká fi ojú òfin ìlú wọn wo ọdún 19 yìí. 1971 tí ìwé jáde gan-an ni Amẹ́ríkà yí òfin ìpìlẹ̀ padà, àtúnṣe kẹrìndínlọ́gbọ̀n, tí ọjọ́ orí ìdìbò wá sílẹ̀ sí ọdún 18. Kí ni wọ́n fi jà fún un? Pé ẹni tó bá tó gbé ìbọn tó dìbò. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń pariwo ẹ̀. A ò lè pariwo pé a ti dàgbà nígbà tí a fẹ́ dìbò, ká wá di ọmọdé nígbà tí wọ́n bá ní ká wá jíhìn.

Aláròyé

Ìbéèrè kékeré kan ni tèmi: ó gbowó rẹ̀ àbí kò gbowó?

Atẹ̀wé_Àtijọ́

Aláròyé, owó díẹ̀ máa kàn án níbẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta mí, torí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Òǹkọ̀wé tuntun tó bá wọ ọ́fíìsì atẹ̀wé, ojú rẹ̀ kì í sí lára ìwé àdéhùn. Orúkọ rẹ̀ tó máa wà lára èèpo ìwé ló ń rò. Mo ti rí ẹni tó bu ọwọ́ lùwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ṣì ń gbóná, kò ka ojú ìwé kejì. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó sọ pé ẹ̀tọ́ àdàkọ yóò jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá kábàámọ̀, bó bá yí ẹ̀sìn padà, bó bá fi orí balẹ̀ bẹ̀bẹ̀, lẹ́tà lásán ló ń kọ.

Ẹ fi wé Stephen King. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Rage, ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ìbọn wọ kíláàsì. 1977 ló jáde, orúkọ Richard Bachman ló fi bojú. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ kan tó yìnbọn nílé ìwé ti ka ìwé náà. Lẹ́yìn ti Heath High School ní Kentucky, Oṣù Kejìlá 1997, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kú, King ní kí wọ́n má tà á mọ́. Ó sì kúrò lọ́jà. Kò sí ilé ẹjọ́ tó fi ipá mú un. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà, lọ́dún 2013, pé òun ò gbà pé ìwé òun ló sọ àwọn ọmọ yẹn di apànìyàn, àmọ́ èèyàn kì í gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù síbi tí ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ràn iná ti lè tó o.

Àwọn méjèèjì kábàámọ̀. Ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ìkejì ti fi kọ́kọ́rọ́ tọrọ orúkọ lára ìwé. Tẹ́ ẹ bá ń bi mí ta ni ká mú, mo ní àdírẹ́sì tí ẹ lè lọ, kì í ṣe ilé Powell.

Ẹ̀rí_Ọkàn

> kì í ṣe ilé Powell

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tọ́ láti dá ìwé dúró lẹ ń sọ. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbà. Ojúṣe láti mọ ibi tí ìwé náà dé ńkọ́? Àdéhùn wo ló gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi náà wo fíìmù yẹn. Ohun tó dà bí ẹni pé ó rí lójú mi ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kà fún un ń ṣe é bí ohun tuntun. Ogójì ọdún! Wọ́n ti dárúkọ ìwé náà nínú ọ̀rọ̀ Columbine, ilé ìwé kan ní Colorado, láti 1999. Olùkọ́ ni. Ilé ìwé ni wọ́n ti yìnbọn.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ó sọ òkò tirẹ̀ nígbà tí kò ní ará ilé kankan nínú ọjà yẹn, ó wá lọ sọ àwọn ọmọ ilé ìwé di ará ilé rẹ̀. Bí èmi ni, mi ò ní lè sùn láìwá ibi tí òkò balẹ̀.

Tíṣà_Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀rí_Ọkàn, ẹ̀yin náà ẹ ṣàánú. Ẹni tí ojú ń tì kì í lọ máa ka ìwé ìròyìn wá ohun tí ojú rẹ̀ máa tún tì sí. Ìtìjú kì í ṣe àìbìkítà.

Ẹ̀rí_Ọkàn

Rárá. Àmọ́ àwọn méjèèjì jọra lójú ẹni tí òkò bà.

Alábòójútó

Ẹ dákun. Ẹnì kan ya ojú ìwé kan nínú ìwé yẹn síbí, mo ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé la ń sọ, a ò ta ẹrù inú rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ní Bìrìtéènì, wọ́n ti gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́ nítorí ìwé yìí gan-an, lábẹ́ òfin ìgbógun ti ìpániláyà ti ọdún 2000.

Lọ́yà_Kékeré

Ọpẹ́ ni fún Alábòójútó. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Lọ́dún 1969 tí ọmọkùnrin yẹn ń kọ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ni ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù dá ẹjọ́ Brandenburg: ìjọba ò lè fìyà jẹ ọ̀rọ̀ ẹnu àfi tí onítọ̀hún bá ń ti àwọn èèyàn síbi ìwà ọ̀daràn tó máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó sì ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ìwé tó wà lórí àtẹ ń dúró de oníbàárà, kò ti ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹjọ́ kan wà tó sún mọ́ èyí. Ilé iṣẹ́ Paladin Press tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1983, Hit Man, tó ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ apànìyàn tí wọ́n ń háyà. Lọ́dún 1993, ọkùnrin kan tẹ̀ lé e bí ẹni ń ka ìwé oúnjẹ, ó pa èèyàn mẹ́ta ní Maryland. Àwọn ẹbí gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Lọ́dún 1997, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kò gba ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1999 wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn: ilé iṣẹ́ sanwó, wọ́n sì dá ìwé náà dúró.

Ẹ kíyè sí i pé atẹ̀wé ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Nítorí náà Atẹ̀wé_Àtijọ́ sún mọ́ òótọ́. Àmọ́ òfin àti ọ̀rọ̀ tí Òǹkàwé_Òru bi wá, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ohun tí òfin bá yọ̀ǹda fún èèyàn lè má jẹ́ kó sùn.

Aláròyé

Ẹni méjì nìyẹn tí kò sùn mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rọra o.

Ìwé_Ìgbàanì

Mo gbádùn ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe àrùn tuntun. Goethe ní Jámánì jẹ́ ẹni ọdún 24 nígbà tó kọ ìtàn Werther, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfẹ́ mú kó pa ara rẹ̀. 1774 ló jáde. Àwọn ọ̀dọ́ wọ kóòtù búlúù àti wẹ́síkóòtì yẹ́lò bíi ti Werther, wọ́n sì ń sọ pé àwọn kan pa ara wọn bíi tirẹ̀. Ìlú Leipzig fòfin de ìwé náà lọ́dún 1775, wọ́n fòfin de aṣọ náà pẹ̀lú. (Aṣọ! Mo máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó sì ń tì mí lójú pé mo rẹ́rìn-ín.) Goethe fi ewì kékeré kan síbẹ̀ nínú àtẹ̀jáde kan pé kí òǹkàwé jẹ́ ọkùnrin, kó má tẹ̀ lé òun. Lọ́dún 1787 ó tún ìwé náà kọ. Kò já a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó pàdé Napoleon lọ́dún 1808, ìwé ọmọdé yẹn náà ni Napoleon fẹ́ bá a sọ.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú irú èyí ni Augustine ti Hippo, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́. Nígbà tó ku ọdún mélòó kan kó kú, ó kó àwọn ìwé tó ti kọ síwájú ara rẹ̀, iṣẹ́ 93, ó ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: níbí mo ṣì í, níbí mo lè sọ ọ́ dáadáa jù báyìí, níbí mi ò yí padà. Kò jó wọn. Ó kọ ìwé míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni.

Lọ́yà_Kékeré

Ìwé_Ìgbàanì, Augustine ń tún ẹ̀kọ́ ìsìn ṣe. Gbólóhùn tó bá ṣì sọ nípa ọkàn èèyàn kì í bú gbàù lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Powell ò lè kọ "níbí mo ṣì í" sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń po nǹkan.

Gègé_Ìdákẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó kéré sí ti Powell, àmọ́ èmi ni mo ni ín.

Ọdún kejì mi ní yunifásítì, a ní ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a fi sítẹ́ńsùlù tẹ̀. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan síbẹ̀ nípa akápò ẹgbẹ́ wa. Mo ní ó jẹ owó ẹgbẹ́. Ẹnu lásán ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni méjì, mi ò bi òun fúnra rẹ̀ léèrè rí. Mo mọ̀wé kọ, wọ́n sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi ní ilé oúnjẹ nígbà tí ìwé ìròyìn bá jáde. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi. Kò pẹ́ tí owó yẹn fi jáde sí ojútáyé, akọ̀wé báńkì ló ṣì í kọ. Àmọ́ nígbà yẹn, wọ́n ti ń fi orin pe akápò náà lẹ́yìn. Ó gba ilé ìwé míì lọ kí ọdún tó parí.

Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn náà, mo wá ilé rẹ̀ kàn. Mo ti kọ́ ohun tí mo máa sọ sórí. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó dìde, ó wọlé, ó gbé àpòòwé tó ń kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí jáde. Láàárín ìwé ẹ̀rí girama àti ti dìgírì, ó yọ ojú ìwé yẹn. Ó ti pọ́n, ibi tí wọ́n ti ń ká a ti fẹ́ẹ́ já. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, àmì ìyanu mẹ́ta ni mo fi parí rẹ̀.

Ó sọ gbólóhùn yẹn fún mi láìwo ìwé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "O tún kọ òmíì?" Ohun tó ń bi mí kò kọ́kọ́ yé mi. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n rí owó yẹn. O kọ òmíì sínú ìwé ìròyìn?"

Mi ò kọ ọ́. Pálọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Ojú ọjà ni mo ti bú u.

Torí náà, Òǹkàwé_Òru, ohun tí mo fi ń wo Powell kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀bẹ̀ ni mo ń wò.

Tíṣà_Ìrọ̀lẹ́

Gègé, ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ó ṣòro.

Òǹkàwé_Òru

Ẹ̀gbọ́n Gègé, ọ̀rọ̀ yín mú mi padà lọ wo nǹkan kan. Kí Guardian tó tẹ tirẹ̀ jáde, Powell ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí Amazon, sí ojú ewé tí wọ́n ti ń ta ìwé yẹn gan-an. Ó sọ níbẹ̀ pé ìdí ìwé náà ni pé ìwà ipá tọ́ láti fi yí ìjọba padà, pé òun ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Oníbàárà tó fẹ́ rà á máa rí i, níbi tí owó ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọjà nìyẹn, àbí? Bó bá jẹ́ pé ibi tí èèyàn ti bẹ̀bẹ̀ la ń wò, mo rò pé ó gbìyànjú.

Ẹ̀rí_Ọkàn

Èmi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó yí ibì kan padà nínú ohun tí mo ń rò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ kó ti wá orúkọ àwọn tí òkò bà, bí Gègé ṣe wá ilé akápò yẹn kàn. Ẹni tó bẹ ọjà kò tíì bẹ ẹni tí wọ́n lù nínú ọjà. Àmọ́ mo mú "mi ò ní lè sùn" kúrò. Mi ò mọ bí oorun rẹ̀ ṣe rí.

Atẹ̀wé_Àtijọ́

Mo fẹ́ fi kún un pé atẹ̀wé kankan ò tíì lọ sí Amazon lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo mẹ́nu kúrò.

Aláròyé

Gègé, èmi tí ẹ mọ̀ sí aláwàdà ni o, àmọ́ mo fẹ́ mọ̀: nígbà tó bi yín bóyá ẹ tún kọ òmíì, kí lẹ ṣe?

Gègé_Ìdákẹ́

Mo lọ sílé. Ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ìwé ìròyìn yẹn ti kú, àmọ́ gbogbo wa tó ń kà á nígbà yẹn wà lórí WhatsApp kan náà, a ń fi fọ́tò ọmọ-ọmọ ránṣẹ́ síra wa. Òun náà wà níbẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí mo kọ ti àárọ̀ yìí tán, mo kọ ìlà mẹ́fà. Mo ní owó kò sọnù, pé mo mọ̀ pé kò sọnù kí ọdún yẹn tó parí, pé èmi ni mo kọ ọ́, pé mo dákẹ́. Mi ò fi sọ́dọ̀ gbogbo wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí òun nìkan kó kọ́kọ́ kà á.

Ó ti dáhùn nísinsìnyí. Ó ní kó lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí n yọ àmì ìyanu tó wà níparí rẹ̀.